Ayálégbé tí kò dá owó iná, tí kò sì fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ilé tí à ń gbé, mítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì jọ ń lò. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn ayálégbé. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tí kì í dá owó iná pé, tí kì í fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tó bá kàn án, tó sì máa ń bú ẹni tó bá bá a sọ ọ́. Àwọn kan ní kí a gé wáyà rẹ̀; kiatéka ní òun yóò ti yàrá rẹ̀ pa. Kí ni kí n ṣe? — Abilékọ kan, Mushin, Èkó.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, abilékọ wa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà, ẹ má sì jẹ́ kí kiatéka fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn ọkùnrin náà. Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 ka fífi agbára lé ayálégbé jáde láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n nínú. Ẹni tó jẹ yín ní gbèsè lónìí lè torí bẹ́ẹ̀ di olùpẹ̀jọ́ lọ́la, kí ẹ̀yin tí ẹ jàre wá máa bẹ̀bẹ̀.

Ẹ kò sọ fún wa bí ẹ ṣe ń pín owó iná. Bí ó bá jẹ́ pé iye kan náà ni yàrá kọ̀ọ̀kan ń dá, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ọkùnrin yìí, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá sì ni àgbà òṣìkà. Sítóòfù oníná tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,000 yóò jẹ yúníìtì 1 láàárín wákàtí 1, nígbà tí gílóòbù wáàtì 10 yóò tàn fún wákàtí 100 kí ó tó jẹ iye yẹn. Ẹni tí kò ní ju gílóòbù àti fáànù lọ kò lè fi inú dídùn dá iye tí ẹni tó ń fi firísà ta omi tútù ń dá. (Ọ̀pọ̀ ìjà irú ilé yìí, ìdí firísà ló ti ń bẹ̀rẹ̀.) Bí ó bá sì jẹ́ òun gan-an ló ń fi iná sebẹ̀, ìṣirò yìí kan náà ni yóò mú un. Ohun tí a rò pé ó dára jù ni pé kí ẹ gba ìyọ̀ǹda onílé, kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ so mítà kékeré mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, kí oníkálùkù máa san ohun tí tirẹ̀ bá kà, kí ẹ sì pín owó iná pọ́ńpù omi àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dọ́gba.

Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní àwíjàre kankan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo yàrá àti ọjọ́ tó kàn wọ́n, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri; ẹni tí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kó ráyè, kí ó san iye tí ìpàdé bá fẹnu kò sí fún ẹni tí yóò bá a fọ̀ ọ́. Kí òfin náà kan gbogbo ilé, kì í ṣe òun nìkan.

Ní ti èébú, ẹ má ṣe bá a wí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, pàápàá láàárọ̀ tí ó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ẹ mú àgbàlagbà kan tó ń bọ̀wọ̀ fún dání, kí ẹ sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀.

Bí èyí kò bá tu irun kankan lára rẹ̀, ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ ìlàjà ìjọba Èkó tí wọ́n ń pè ní Citizens Mediation Centre, níbi tí wọn kì í ti í gba owó. Wọn yóò pe tọ̀túntòsì, ohun tí ẹ bá sì fẹnu kò sí, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ mú ìwé tí ẹ fi ń kọ owó iná lọ. Bí onílé bá wá fẹ́ kí ó kó jáde, tí àdéhùn wọn kò sì sọ nǹkan mìíràn, òfin 2011 náà ní kí ó fún ayálégbé olóṣooṣù ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù 1, kí ó fún ti ọlọ́dọọdún ní oṣù 6, lẹ́yìn náà ìkìlọ̀ ọjọ́ 7, kí ó tó gba ilé ẹjọ́ lọ. Onílé ni iṣẹ́ yẹn wà fún, kì í ṣe ẹ̀yin.