Okùn àtọwọ́dá nínú ọkàn: ṣé ó lè jẹrà?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 24, ń múra ìgbéyàwó. Dókítà ní Ìlọrin sọ pé fáàfù ọkàn rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ń jò, pé wọ́n lè fi okùn àtọwọ́dá tún un ṣe dípò kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí okùn náà má lọ jẹrà. (Bàbá kan, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó ọmọ, bàbá. Fáàfù tí a sábà máa ń tún ṣe báyìí ni èyí tó wà láàárín ìyẹ̀wù òkè àti ti ìsàlẹ̀ lápá òsì ọkàn. Awẹ́ méjì ló ní, okùn tín-ín-rín sì so etí wọn mọ́ ẹran ọkàn, bí okùn ṣe ń di kánópì ìnáwó mú kí atẹ́gùn má baà ṣí i dànù. Bí okùn kan bá já tàbí tó gùn jù, awẹ́ náà á yí sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ á sì máa padà sí ìhà ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí í mú kí aláìsàn máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Okùn àtọwọ́dá kì í jẹrà. Òwú funfun ni, PTFE, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe é, a sì ti ń lò ó láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980. Ara kì í kọ̀ ọ́. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ara a máa hu awọ bò ó, kì í sì í sábà já. Gígùn rẹ̀ ló ń fún wa níṣẹ́: bó bá gùn jù, fáàfù á ṣì máa jò, bó bá kúrú jù, awẹ́ kò ní lè pàdé èkejì rẹ̀. Ó tún máa ń yọ̀ lọ́wọ́, nítorí náà kókó lé kókó ni a ń so. Ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lásìkò náà, a ó sì rọ omi iyọ̀ sínú ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ láti wò ó bóyá ó ṣì ń jò. A sábà máa ń rán òrùka yí ẹnu fáàfù ká pẹ̀lú.

Fún ọmọ tó fẹ́ bímọ, àtúnṣe ni mo fẹ́ràn jù, bó bá ṣeé ṣe. Ẹni tí a fún ní fáàfù onírin yóò máa lo warfarin títí ayé, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó sì lè ṣàkóbá fún ọlẹ̀ inú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́ tí oògùn náà ń fẹ́ kì í sì í ṣe ohun kékeré fún ará Ìsánlú. Fáàfù tí a fi ara ẹranko ṣe kò nílò warfarin títí ayé, ṣùgbọ́n kíá ló ń gbó lára ọ̀dọ́. Lẹ́yìn àtúnṣe, oṣù díẹ̀ ni a sábà máa ń lo warfarin, àfi bí ọkàn kò bá lù déédéé.

Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ba fáàfù náà jẹ́. Nílẹ̀ wa, ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú ní kékeré ló sábà máa ń bí i: awẹ́ á ki, á sún kì, okùn á sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Okùn tuntun nìkan kò lè wo irú èyí, nígbà mìíràn pípààrọ̀ ló dára jù. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì tí wọ́n ń gún fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, kí àìsàn ọ̀fun náà má baà padà, kò gbọdọ̀ dúró, kódà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ bóyá ó máa ń ṣe àtúnṣe yìí déédéé, àti ohun tí yóò ṣe bí fáàfù náà bá ṣì ń jò lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ẹ gba fídíò ẹ́kò (àyẹ̀wò tó ń fi àwòrán ọkàn hàn) náà dání, ẹ má ṣe mú ìwé àbájáde nìkan lọ.