Má dúró de tẹlisíkóòpù kí o tó bẹ̀rẹ̀

Àbúrò, o ní ọdún kejì lo wà nídìí físíìsì, pé ẹ̀ka yín kò ní tẹlisíkóòpù, o wá ń béèrè ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè ti lè tọwọ́ bọ ìmọ̀ ìràwọ̀. Tẹlisíkóòpù kọ́ ni ìṣòro rẹ rárá. Ọ̀nà tí èmi gbà wọlé ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, iwájú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́.

Satẹláìtì TESS, tí NASA fi ń wá pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí àwọn ìràwọ̀ mìíràn po, ti ń ṣọ́ ìràwọ̀ láti 2018, ọ̀fẹ́ sì ni ohun tó ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kí o gbé Lightkurve, irinṣẹ́ Python tó ń ka ohun tí TESS rí, sórí ẹ̀rọ rẹ. Mú ìràwọ̀ kan tí wọ́n ti mọ̀ pé pílánẹ́ẹ̀tì ńlá ń yí po, kí o ya gíráàfù ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Wàá rí ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó wá jìn wọ́ọ́rọ́ níbi tí pílánẹ́ẹ̀tì ti gba iwájú ìràwọ̀ kọjá. Kòtò náà kéré, bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, ṣùgbọ́n kì í yẹ̀, ó ń padà wá ni. Ṣírò iye ọjọ́ tó wà láàárín kòtò kan sí èkejì, kí o fi wé ohun tó wà nínú NASA Exoplanet Archive, àkójọ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po. Nígbà tí tèmi bá tiwọn mu, oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Òótọ́ ni pé ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ rí i, àmọ́ ibẹ̀ lọwọ́ ti ń yá.

Bí kóòdù bá ṣì ń bà ọ́ lẹ́rù, lọ sí Zooniverse, ìkànnì tí ẹnikẹ́ni ti lè bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣiṣẹ́. Láti ara Galaxy Zoo, níbi tí àwọn èèyàn ti ń to àwòrán gálásì sí oríṣiríṣi, ló ti jáde. Galaxy Zoo yìí ni Hanny van Arkel, olùkọ́ ilé ìwé ní Netherlands, bá ṣiṣẹ́ ní 2007, tó fi rí ohun àjèjì kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní. AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀, náà wà, wọ́n ti ń gba àkọsílẹ̀ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà láti 1911. Ojú lásán tó fún ìràwọ̀ Algol, tó máa ń ṣú lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí kò pé.

Ní ti REU, ètò ìwádìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè ní Amẹ́ríkà, ka òfin rẹ̀ dáadáa: owó ìjọba ni, ọmọ ilẹ̀ wọn àtẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí lọ ni wọ́n sábà ń gbà.

Lẹ́yìn tí o bá ti ya gíráàfù rẹ ni kí o tó kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n, ì báà jẹ́ ti yunifásítì mìíràn. Ka iṣẹ́ rẹ̀ kan lórí arXiv, ìkànnì tí a ti ń ka iṣẹ́ ìwádìí lọ́fẹ̀ẹ́, béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lórí rẹ̀, kí o so gíráàfù rẹ mọ́ ọn. Ímeèlì kúkúrú ló ń rí èsì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò fèsì, tún kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o tó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn.