Kẹ́ ẹ tó gba owó VC ṣe chip, ẹ ṣírò ẹ̀ dé tape-out kejì

Àbúrò, mo ti ka ohun tó o kọ. O ní ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ tẹ́ ẹ jọ ṣe PhD ní Southampton ti ya chip kan tó ń gbọ́ ìró mọ́tò, tó lè mọ̀ pé bíárìn fẹ́ bàjẹ́ kó tó bàjẹ́, pé VC kan (ilé-iṣẹ́ tó ń fowó sí startup kó lè gba ìpín nínú ẹ̀) ní London fẹ́ fún yín ní mílíọ̀nù 3 pọ́ùn kẹ́ ẹ fi ṣe tape-out, ìyẹn fífi design chip ránṣẹ́ kí wọ́n lọ ṣe é, lórí 22nm (ìran ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe chip), wọ́n sì ní kẹ́ ẹ fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. O wá bèèrè pé ṣé kẹ́ ẹ gbà á. Èsì mi ni pé ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkankan. Kì í ṣe pé owó VC burú o, òun ló san owó oṣù mi fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Bristol níbí. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó tí ò bá lè gbé yín dé tape-out kejì kò tíì tó gbà.

Ẹni tó ń ṣe app, tí app ẹ̀ bá kọṣẹ́ lálẹ́, ó lè tún un ṣe kílẹ̀ tó mọ́. Chip ò mọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fi design ránṣẹ́ sí fab, factory tó ń ṣe chip, ká ní GlobalFoundries ní Dresden torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe 22FDX, irú 22nm tiwọn, ẹ máa dúró oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, packaging, ìyẹn fífi ìbòrí àti ẹsẹ̀ wáyà sí chip, ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́yìn packaging lẹ ó tó gbé e sórí bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ó máa wò ó bóyá ó ń ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe. Tó bá ní àbùkù kan báyìí tí software ò lè bò, ẹ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, owó mask míì (àwọn àwòrán tí fab fi ń tẹ design sára chip), oṣù míì, owó oṣù àwọn èèyàn yín sì ń lọ, owó software design ti Cadence tàbí Synopsys náà ń lọ. Ẹnjiníà mẹ́jọ ní UK, tẹ́ ẹ bá ro National Insurance, pension àti ọ́fíìsì mọ́ ọn, kì í jìnnà sí mílíọ̀nù kan pọ́ùn lọ́dún. Torí náà mílíọ̀nù 3 yẹn, ọdún méjì ló máa gbé yín dé, bóyá kó má tiẹ̀ pé ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ tape-out kan péré ló wà nínú plan tẹ́ ẹ fi hàn wọ́n.

Mo máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa fún ẹ, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mò ń darí verification, ìyẹn yíyẹ design wò kó tó lọ sí fab, ní startup tá a ti ṣiṣẹ́. Chip àkọ́kọ́ dé, ó tan, gbogbo ọ́fíìsì hó yèè. Ìgbà tá a wá gbé e sínú ẹ̀rọ òtútù ni PLL inú ẹ̀, apá tó ń mú kí aago chip dúró déédéé, kọ̀, tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo kì í lock mọ́. PLL yẹn, a rà á ni, ìwé tí wọ́n fi tà á fún wa ní ó ti ṣiṣẹ́ nínú silicon títí dé −40, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn oníbàárà ọkọ̀ ń bèèrè. Àtúnṣe ẹ̀ ò le rárá, design tuntun ti wà nílẹ̀ kíákíá, owó mask ló kù. Àmọ́ owó tí VC wa ṣèlérí, wọ́n ti pín in sí méjì nínú àdéhùn: ìdajì ká tó tape-out, ìdajì tó kù tí oníbàárà bá ti fọwọ́ sí chip pé òun máa rà á. Oníbàárà wo ló máa fọwọ́ sí chip tó ń kú nínú òtútù? A nílò owó kí chip lè ṣiṣẹ́, àdéhùn sì ní kí chip ṣiṣẹ́ ká tó rówó.

A wá ń lọ bá VC míì kiri. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: àwọn VC tó ti wà nínú ilé-iṣẹ́ yín tẹ́lẹ̀ ńkọ́, kí ló dé tí wọn ò fún yín? Kò sí èsì tó lè wọ̀ wọ́n létí. Níkẹyìn àwọn VC tó wà nínú ilé náà ló mú bridge wá, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń gbé ilé-iṣẹ́ kọjá títí owó míì á fi dé, wọ́n ní owó bridge yẹn, ìlọ́po méjì ẹ̀ làwọn máa kọ́kọ́ kó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ta ilé-iṣẹ́, kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Ọjọ́ owó oṣù ti dé tán, bọ́ọ̀dù àwọn olùdarí gbà.

Ṣírò ẹ̀ wò. Ká ní owó àkọ́kọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 8, tí preference ẹ̀, ìyẹn iye tí VC máa kọ́kọ́ kó tí wọ́n bá ta ilé-iṣẹ́, jẹ́ ìlọ́po kan, kí bridge jẹ́ mílíọ̀nù 4 ní ìlọ́po méjì. Mílíọ̀nù 16 ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó jáde kó tó kan olùdásílẹ̀ àti òṣìṣẹ́. Tẹ́nì kan bá wá ra ilé-iṣẹ́ ní mílíọ̀nù 15, ìwé ìròyìn á gbé e pé wọ́n ta startup ní mílíọ̀nù 15, wọ́n á máa kí yín kú oríire lórí LinkedIn, kọ́bọ̀ kan ò sì ní í kàn yín. Bó ṣe rí fún wa nìyẹn, àfi pé iye wa yàtọ̀ sí èyí. Àwọn ẹnjiníà tó ti ń gba owó oṣù kékeré látìbẹ̀rẹ̀ nítorí ìpín tá a fún wọn, òfo ni wọ́n bá lọ sílé. Méjì nínú wọn, ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe sponsor visa wọn, lẹ́tà Home Office dé pé ọjọ́ 60 ni wọ́n ní láti fi wá ibòmíràn, ọ̀kan ní ọmọ tuntun nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Ìwọ náà, wo visa ẹ dáadáa kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà lórí Graduate visa lè dá iṣẹ́ tara ẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá ṣe PhD sì ní ọdún mẹ́ta lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta yẹn kúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn chip.

Kò wá jẹ́ pé startup kékeré bíi tiwa nìkan ló ń rí irú ẹ̀. Graphcore tó ń ṣe chip AI, ní Bristol níbí náà, 2016 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Sequoia wọlé, Microsoft wọlé, owó tí wọ́n kó jọ tó 700 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tó máa fi di ìparí 2020 wọ́n ní iye ẹ̀ ti tó 2.77 bílíọ̀nù. Ní 2022, owó tó wọlé látọwọ́ oníbàárà jẹ́ 2.7 mílíọ̀nù dọ́là péré, àdánù ọdún yẹn lé ní 200 mílíọ̀nù. Nígbà tí SoftBank rà á ní July 2024, iye tí àwọn ìwé ìròyìn gbé jáde kéré sí owó tí àwọn VC ti kó sí i, wọ́n sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ní ìpín ò rí nǹkankan níbẹ̀. Ìmọ̀ ò jẹ́ ìṣòro wọn o. Simon Knowles tó wà lára àwọn tó dá Graphcore sílẹ̀ náà wà lára àwọn tó dá Icera, ilé-iṣẹ́ chip míì, sílẹ̀ ní 2002, Nvidia sì ra Icera ní 367 mílíọ̀nù dọ́là ní 2011. Ìyẹn gba ọdún mẹ́sàn-án. Fi í sọ́kàn, torí fund VC, ọdún mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn máa ń ní láti fi kó owó jáde fún àwọn tó fún wọn lówó. VC tí fund ẹ̀ ti lo ọdún márùn-ún kó tó bá yín pàdé, ọdún márùn-ún ló kù fún yín, kódà bí ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó bá jẹ́ èèyàn dáadáa. Ẹ bèèrè ọdún tí fund náà bẹ̀rẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn tó yọrí sí rere wà. CSR ní Cambridge jáde láti inú Cambridge Consultants ní 1998, wọ́n kó Bluetooth sínú chip CMOS kan ṣoṣo, wọ́n dé stock exchange London ní 2004, Qualcomm wá rà wọ́n ní 2015 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 dọ́là. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n tà, ohun tí àwọn tó ń ṣe fóònù fẹ́ ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, lórí process (ọ̀nà ìṣe chip) tí owó mask ẹ̀ kéré gan-an sí tòní.

Tiyín tẹ́ ẹ fẹ́ gbé wọ inú ọkọ̀ tún ní nǹkan míì tí mo mọ̀ pé VC yẹn ò sọ fún yín. AEC-Q100, ìlànà ìdánwò chip inú ọkọ̀, fẹ́ kẹ́ ẹ mú chip 77 látinú ọ̀kọ̀ọ̀kan lot mẹ́ta (lot ni àwọn chip tí wọ́n jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan), kẹ́ ẹ fi wọ́n sínú ooru fún wákàtí 1000 kí ìkankan má sì kú, ìdánwò kan péré sì nìyẹn nínú ọ̀pọ̀. Lot tí wọ́n ń sọ yẹn, lot production ni, tó túmọ̀ sí pé mask tiyín gan-an lẹ gbọ́dọ̀ ti san owó ẹ̀. Ní irú 22nm yẹn mask kíkún lè tó mílíọ̀nù kan dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ tape-out kejì. Àkọ́kọ́ ni tẹ́ ẹ fi ń mọ̀, èkejì ni tẹ́ ẹ fi ń tà.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní fi owó VC ṣe ti àkọ́kọ́ rárá, ó kéré tán kì í ṣe òun nìkan. MPW wà, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti jọ ń pín mask kan, tẹ́ ẹ ó gba chip ìwọ̀nba ní owó tó kéré gan-an. Ẹ kàn sí Europractice, ẹgbẹ́ tó ń bá èèyàn ṣètò irú MPW bẹ́ẹ̀, ilé ìwádìí imec ní Leuven àti Rutherford Appleton ní Oxfordshire wà nínú ẹ̀, wọ́n ní 22FDX, wọ́n sì ń gba startup. Ẹ wo ChipStart, ètò ìrànwọ́ startup chip tí Silicon Catalyst UK ń ṣe pẹ̀lú owó ìjọba, tool design ni wọ́n ń ran èèyàn lọ́wọ́ lé lórí, owó tool sì ni ẹ̀jẹ̀ startup chip ń gbà jáde. UK ti wọ Chips Joint Undertaking, ètò owó ìwádìí chip ti Yúróòpù, láti 2024, torí náà ẹ lè bá àwọn ará Jámánì tàbí Netherlands jọ wọ project. EIC Accelerator, ètò Yúróòpù tó ń fún startup lówó, gránǹtì ẹ̀ nìkan ni ilé-iṣẹ́ UK lè gbà, equity ẹ̀ (owó tí wọ́n fi ń ra ìpín) ò kàn yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ariwo bílíọ̀nù 43 yúrò ti Chips Act Yúróòpù tàn yín pé owó wà nílẹ̀. Ibi factory ńláńlá ni púpọ̀ nínú ẹ̀ dorí kọ, kódà Intel tí Jámánì fẹ́ fún ní bílíọ̀nù 9.9 fún Magdeburg, Intel fúnra ẹ̀ fagi lé iṣẹ́ náà ní July 2025.

Ẹ lo SEIS àti EIS náà, ètò ìjọba UK tó ń dín owó orí kù fún ẹni tó bá fowó sí startup, 250,000 pọ́ùn ni ilé-iṣẹ́ lè gbà mọ lórí SEIS. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé òfin ò gbà kí ìpín EIS ní preference lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá tú ká, ẹni tó fún yín lówó yẹn àti ẹ̀yin, ìlà kan náà lẹ jọ tò sí.

Lórí term sheet yẹn wàyí, ìwé tí VC fi to ohun tó fẹ́ nínú àdéhùn. Preference, ìlọ́po kan, non-participating (tí VC bá ti kó iye yẹn, kò tún ní bá yín pín èyí tó kù), ẹ má gbà ju ìyẹn lọ, torí ohun tẹ́ ẹ bá gbà fún ẹni àkọ́kọ́, ẹni tó ń bọ̀ náà á bèèrè tiẹ̀ lórí ẹ̀. Tí wọ́n bá pín owó sí ìpele, ìpele kejì gbọ́dọ̀ wà lórí ohun tó wà lọ́wọ́ yín, bí àpẹẹrẹ pé silicon dé, ẹ sì ti kọ ìròyìn ohun tó ń ṣe àti ohun tí kò ṣe, kì í ṣe ìfọwọ́sí oníbàárà. Tẹ́nì kan bá fẹ́ ju ìpín 25 nínú 100 lọ, ẹ bi lọ́yà nípa National Security and Investment Act, òfin UK tó ń yẹ irú deal bẹ́ẹ̀ wò nítorí ààbò ìlú, chip máa ń bọ́ sínú ẹ̀ dáadáa. Deal tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi tó ìjọba létí, tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀ láìgba àṣẹ, òfo ni lójú òfin, àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀ sì lè gba ọjọ́ iṣẹ́ 30. Ẹ fi kún runway yín, ìyẹn iye oṣù tí owó yín lè gbé yín.

Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún yín yẹn, ẹ bẹ̀ wọ́n kó di mẹ́fà. Ẹ tún budget yín ṣe pẹ̀lú tape-out méjì àti AEC-Q100, ẹ fi hàn wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní gbangba pé ẹ̀yin àti ta ni máa san èkejì. Bí wọ́n bá ní fund àwọn ti ya owó sọ́tọ̀ fún un, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Bí wọ́n bá ní ká kọ́kọ́ rí bí ti àkọ́kọ́ ṣe lọ ná, ẹ gba gránǹtì, ẹ lọ ṣe MPW, kẹ́ ẹ padà lọ bá wọn tẹ́ ẹ bá ti ní chip lọ́wọ́. Yọ orúkọ gbogbo èèyàn kúrò lára term sheet yẹn, fi í ránṣẹ́ sí mi ní inbox, mo máa kà á lópin ọ̀sẹ̀ yìí.