Gbé àwo rẹ sójú fèrèsé ná

Àbúrò mi, o ní kòkòrò bakitéríà Vibrio parahaemolyticus tí o rí nínú edé ń ṣe biofilm (ìpele yíyọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ nǹkan) lónìí, tó bá dọ̀la kò ṣe mọ́. O wá ń béèrè bóyá jíìnì opaR (àṣẹ àjogúnbá kan nínú kòkòrò náà) ni àbí ọwọ́ rẹ ni kò mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára.

Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi jẹ mí níyà l'Adó. Mo á da aró crystal violet sínú túùbù, mo á fi omi ṣàn án, aró á ṣe òrùka sára dígí níbi tí ojú omi dé: biofilm ni aró yẹn lẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, òrùka á dúdú bí tìróò. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, túùbù á mọ́ fóó. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní n kò mọ iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí kò wọ láàbù láti ọdún gbọọrọ! Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo ra aró mìíràn lówó ara mi, mo sunkún.

Lọ́jọ́ kan tí iná lọ, mo gbé àwo tí kòkòrò ń hù lórí rẹ̀ lọ sójú fèrèsé. Irú méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan dí bí ẹ̀kọ, ìkejì ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí omidùn. Bí kòkòrò yìí bá ti pọ̀, tí wọ́n gbúròó ara wọn, OpaR, èròjà tí jíìnì opaR ń ṣe, ló ń jí àwọn jíìnì cps tó ń hun ìbòrí ṣúgà wọn. Jíìnì opaR yìí sì máa ń yí fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Eléyìí tó yí á di omidùn, á máa rìn káàkiri orí àwo dípò kó jókòó. Àwọn ni mo ń ṣà láìmọ̀! Ẹlẹ́kọ nìkan ni kí o máa mú. Láti rí i dájú pé opaR kò yí, PCR (ṣíṣe ẹ̀dà DNA) àti kíka DNA wà, ìyẹn o ti mọ̀.

Iyọ̀ inú oúnjẹ kòkòrò ńkọ́? Ìdá 3 nínú 100. A ò létí òkun ní Èkìtì, ẹni tó ń po oúnjẹ kòkòrò fún wa rò pé iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Má sì kó kòkòrò náà sí fíríìjì: òtútù á mú un, á wà láàyè ṣùgbọ́n kò ní hù mọ́. Inú glycerol (omi kíki tí kì í jẹ́ kí yìnyín pa á) ni kí o kó o sí, nínú fírísà −80°C, pín in sí méjì nítorí iná. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wa kú, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Lẹ́tà!

Edé tó ṣẹ́kù yẹn, dà á nù. Ẹja wẹ́wẹ́ ni wọ́n jẹ ní Osaka, ní Japan, lọ́dún 1950 tí ènìyàn 272 fi ṣàìsàn, tí 20 kú. Ibẹ̀ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Fujino ti rí kòkòrò yìí. Lọ́dún tiwa, ẹnìkan gbé edé tiẹ̀ lọ sílé, ó fi se ẹ̀gúsí.