Ọmọ tó ń sá fún ìṣirò, ẹ má sọ fún un pé Jọ́gíráfì ni ibi ìsádi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní SS1 níbí ní Àgbádárìgì. Ìṣirò ò wọ orí rẹ̀ rárá, ni wọ́n bá ní kó mú Jọ́gíráfì, pé àkọ́sórí lásán ni. Tíṣà lẹ́sìnnì kan ti ta ìwé pẹlẹbẹ kan fún wa. Olú-ìlú, odò àti òkè ló kún inú rẹ̀. Ó ní bọ́mọ bá ti kọ́ ọ sórí tán, WAEC ti bọ́ nìyẹn. Ṣé ká máa bá a lọ? Àwọn kan tún ní kò sí iṣẹ́ níbẹ̀.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ gbé ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹni tó ní àkọ́sórí ni Jọ́gíráfì ò tíì jókòó ti ìbéèrè máàpù rí, bó bá sì ti jókòó tì í, a jẹ́ pé irọ́ ló ń pa fún yín.

Nínú ìwé ìbéèrè kẹta (Paper 3) ìdánwò WAEC, ìbéèrè àkọ́kọ́ dá lórí máàpù, dandan sì ni. Wọ́n á gbé máàpù apá ibì kan fọ́mọ, ó lè jẹ́ ibi tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí láyé. Kò sóhun tó kọ́ sórí tó máa bá a mu. Rúlà, òwú àti ọgbọ́n pínpín ló máa gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Bí wọ́n bá kọ 1:50,000 sábẹ́ máàpù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 lórí bébà jẹ́ 50,000 sẹ̀ǹtímítà lórí ilẹ̀, ìyẹn ìdajì kìlómítà. Wọ́n wá ní kó wọn ọ̀nà tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Rúlà nìkan ò lè wọn ọ̀nà tó tẹ̀. Kó fi omi ra òwú díẹ̀ kó lè dùbúlẹ̀, kó tò ó tẹ̀lé ọ̀nà náà láìfà á, kó wá tẹ́ ẹ lé rúlà. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17.4, kó pín in sí méjì: kìlómítà 8.7. Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú nìyí: púpọ̀ nínú rúlà ní àyè díẹ̀ ṣáájú òdo. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ òwú láti etí igi rúlà dípò orí òdo, ìdáhùn á sì ti bàjẹ́ kó tó ṣírò ohunkóhun.

Èyí tó ń pa wọ́n jù ni gradient, bí ilẹ̀ ṣe dagun sí. Ìlà kọ́ńtọ̀ ló ń sọ gíga ilẹ̀: gbogbo ibi tí ìlà kan bá gbà kọjá, gíga wọn dọ́gba. Lórí ọ̀pọ̀ máàpù wa àtijọ́, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi kọ gíga, kì í ṣe mítà. Ká ní ibì kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1,250, èkejì 850, sẹ̀ǹtímítà 4 sì ló wà láàárín wọn lórí máàpù 1:50,000. Ìyàtọ̀ gíga jẹ́ 400, ọ̀nà jẹ́ kìlómítà 2, ìyẹn mítà 2,000. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní àkọ́sórí á fi 400 pín 2,000, á kọ 1 nínú 5, ìyẹn ni pé béèyàn bá lọ síwájú ní 5, á gòkè ní 1. Òdo ni! Ẹsẹ̀ bàtà ló fi pín mítà. Kó kọ́kọ́ fi 0.3048 sọ 400 di púpọ̀, á di nǹkan bíi mítà 122. Kó wá fi ìyẹn pín 2,000: 1 nínú 16. Òkè 1 nínú 16, ọ̀kadà á gùn ún tèrò tèrò. Ti 1 nínú 5, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ̀kalẹ̀ bẹ ọlọ́kadà.

Bearing, ìyẹn ìwọ̀n igun tó ń sọ apá ibi tí nǹkan wà, òun náà ńkọ́? Bí wọ́n bá ní bearing B láti A, orí A ni kó gbé protractor, ike tí wọ́n fi ń wọn igun, sí, kó máa kà láti àríwá bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bó bá gbé e sórí B, 065 á di 245.

Nítorí náà, kó mú un, ṣùgbọ́n kó má rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò. Ìlọ́po, pínpín àti pípa ìwọ̀n dà ni, ìṣirò JSS ló pọ̀ nínú rẹ̀. Máàpù ìbéèrè àtijọ́ méjì lọ́sẹ̀ tó.

Ó ní ohun tí wọ́n ń kọ́ sórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó fojú rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí ọ̀sà, kí ló dé tọ́mọ yín fi ń ka bí omi òkun ṣe ń kó iyanrìn nínú ìwé nìkan? Ẹ mú un sọdá sí erékùṣù Gbẹ́rẹ́fú, kẹ́ ẹ ju èèpo àgbọn sétí òkun. Ìgbì á tì í gòkè ní ẹ̀gbẹ́, á fà á padà tààrà, á tún tì í. Díẹ̀díẹ̀ lẹ máa rí i tó ń lọ sí apá ìlà-oòrùn. Bí iyanrìn etíkun wa ṣe ń rìn nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó wọ omi o. Òkun yẹn ń fà, mi ò sì sí níbẹ̀.

Ìbéèrè aago àti lóńgítúùdì, àwọn ìlà tó ti àríwá lọ sí gúúsù lórí máàpù, náà ò le. Ìwọ̀n (degree) 15 lóńgítúùdì ni wákàtí kan, ìwọ̀n kan ni ìṣẹ́jú 4. Aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé ìwọ̀n 15 ìlà-oòrùn, Àgbádárìgì sì wà ní nǹkan bí 3. Ìwọ̀n 12 ló fi yàtọ̀, ìṣẹ́jú 48. Kó ri igi mọ́lẹ̀ kó máa wo òjìji rẹ̀: kì í ṣe aago 12 ló máa kúrú jù, ó máa ń tó nǹkan bí aago 12:48, pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀ láti oṣù dé oṣù.

Ní ti iṣẹ́, àwọn tó ń wọn ilẹ̀, tó ń ṣètò ìlú, tó ń wo ojú ọjọ́, wọ́n ń lò ó. Àmọ́ ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi yan kọ́ọ̀sì fọ́mọ. Ẹ wo ìwé JAMB tọdún tó fẹ́ wọlé, kẹ́ ẹ tún bi ilé ìwé náà fúnra rẹ̀, torí wọ́n máa ń yí i padà.

Ìwé tẹ́ ẹ rà ńkọ́? Ẹ béèrè owó yín. Bí kò bá dá a padà, ẹ fa ewé kan ya nínú rẹ̀. Etí bébà tó gún dáadáa ṣeé fi wọn ọ̀nà bí òwú bá sọnù: kó máa sàmì sí i níbi tí ọ̀nà bá ti yà, kó yí i, kó máa lọ.