Ẹ BI WÁ: Ṣé ẹyẹ náà máa ń ṣe ibà ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ló dé láti skúùlù, ó ní tísà àwọn sọ pé àwọn ẹyẹ kan wà ní Hawaii, òmíì pupa, òmíì yẹ́lò, wọ́n ń kọrin, àmọ́ ibà ń pa wọ́n tán lọ. Ẹyẹ wo ló ń ṣe ibà? Tó bá jẹ́ òótọ́, ṣé adìẹ tí mo ń sìn ò ní kó o ran àwọn ọmọ báyìí? Ìyá Ìbejì, Kubwa, Abuja.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, òótọ́ ni tísà sọ. Honeycreeper ni wọ́n ń pe àwọn ẹyẹ yẹn, kò síbi tí wọ́n wà láyé yìí ju erékùṣù Hawaii lọ, láàárín òkun Pàsífíìkì. Irú ẹyẹ kan ṣoṣo ló fò débẹ̀ láti ìhà Éṣíà, ó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 5, ẹ̀yà tó wá jáde lára ẹ̀ lé ní 50, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n sì jẹ́ sí ìbákà tiwa níbí. Ẹnu wọn ni mo fẹ́ràn jù, iṣẹ́ Ọlọ́run mà pọ̀ o! Iiwi pupa fòò, ẹnu ẹ̀ gùn ó tẹ̀ kọrọdọ, òun ló fi ń fa omi dídùn inú òdòdó mu. Akiapolaau ní tiẹ̀, ẹnu ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrú ó sì le, ìyẹn ló fi ń sọ igi bí àkókó, tó bá ti dá ihò sí i tán á wá fi ẹnu òkè tó gùn yẹn wa kòkòrò inú ẹ̀ jáde. Irinṣẹ́ méjì lẹ́nu ẹyẹ kan!

Bíi ẹ̀yà 17 péré ló kù báyìí, ó dùn mí gan-an. Wọ́n gé igbó, eku tó bá ọkọ̀ dé ń jẹ ẹyin wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ló burú jù. Tẹ́lẹ̀ kò sí ẹ̀fọn kankan ní Hawaii, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé ní 1826, nígbà tó yá ibà ẹyẹ náà dé, ara àwọn ẹyẹ yìí ò sì mọ bó ṣe máa bá a jà torí wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Bí ẹ̀fọn tó ní àrùn bá jẹ iiwi 10, bíi 9 ló máa kú. Ẹyẹ ilẹ̀ wa ní tiwọn ti ń bá ibà ẹyẹ gbé tipẹ́tipẹ́.

Orí òkè gíga làwọn tó kù ti ń rí ayé gbé, torí ibẹ̀ tutù, ẹ̀fọn ò sì fẹ́ òtútù, ẹni tó bá ti gbé Jos rí á mọ̀. Àmọ́ ayé ń gbóná sí i, ẹ̀fọn náà ń gun òkè bọ̀. Poouli, ọ̀kan lára àwọn ẹyẹ yìí, 1973 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ní Maui, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Hawaii, èyí tí wọ́n mú láti tọ́jú kú ní 2004, kò sẹ́ni tó rí òmíì mọ́, ní 2023 ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ó ti run.

Wọn ò káwọ́ gbera ṣá. Láti 2023 ni wọ́n ti ń fi hẹlikọ́pítà da akọ ẹ̀fọn sínú igbó Maui, akọ kì í jẹni, bakitéríà kan ló wà lára wọn, abo tó bá bá wọn gùn, ẹyin ẹ̀ ò ní pa. Mo ń gbàdúrà kó ṣiṣẹ́.

Ní ti adìẹ yín, ẹ fọkàn balẹ̀, ibà ẹyẹ kì í ran èèyàn. Ẹ̀fọn Anopheles ló ń gbé tiwa kiri, Culex ló ń gbé tàwọn ẹyẹ Hawaii, èyí tó kún gọ́tà wa fọ́fọ́ yìí náà ni. Káwọn ìbejì ṣáà máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì da omi tó bá dúró sínú táyà àti kẹ́ẹ̀gì nù.