Gut, Mut, Blut: kí ni òwe tí wọ́n pa mọ́ duke Burgundy ń sọ?

Ẹnìkan bi mí pé: àwọn ará Swítsàláńdì máa ń sọ pé Charles, duke Burgundy, sọ Gut nù ní Grandson, ó sọ Mut nù ní Murten, ó sọ Blut nù ní Nancy. Kí ló túmọ̀ sí? Àti pé bí kò bá kú sí Nancy, ṣé Burgundy ì bá ṣì wà lónìí bí ìjọba alágbára láàárín Faransé àti Jámánì?

Gut ni dúkìá, Mut ni ìgboyà, Blut ni ẹ̀jẹ̀. Ìró kan náà ló parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lédè Jámánì, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ogun mẹ́ta gidi ni, láàárín oṣù mẹ́wàá péré.

Ní Grandson, oṣù Kẹta 1476, Charles ti kọ́kọ́ pa àwọn ọmọ ogun Swítsàláńdì tó túúbá fún un: ó so àwọn kan kọ́, ó ri àwọn kan sínú adágún. Nígbà tí àwọn ènìyàn wọn dé, ó ní kí apá kan ọmọ ogun òun fà sẹ́yìn láti tún ara wọn tò. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé wọ́n ń sá ni, ni àwọn náà bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn tó kú kò pọ̀, torí àwọn Swítsàláńdì kò ní ẹlẹ́ṣin tó lè lé wọn bá. Ẹrù ló kù sílẹ̀, Charles sì jẹ́ ẹni tó ń kó ààfin rẹ̀ lọ sójú ogun: àgọ́, fàdákà, ìbọn ńlá, ohun ọ̀ṣọ́. Ọ̀kan nínú ohun ọ̀ṣọ́ wọ̀nyí ni ìlú Basel tà fún Jakob Fugger, oníṣòwò ọlọ́rọ̀ ará Jámánì, lọ́dún 1504.

Ní Murten, oṣù Kẹfà, adágún ló wà lẹ́yìn wọn, kò sọ́nà àtisá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Òwe ní ibẹ̀ ni ìgboyà rẹ̀ ti tán, èmi ò sì gbà. Àwọn Faransé ń pè é ní le Téméraire, ẹni tó ń ki orí bọ ewu láìwo ẹ̀yìn. Àyà irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í já. Àyà àwọn tó ń tẹ̀ lé e ló já. Òun alára tún lọ dó ti Nancy nínú yìnyín, Campobasso, ọ̀gágun tó ń sanwó fún, sì yà sọ́dọ̀ ọ̀tá. Wọ́n pa Charles ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìíní 1477. Nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀, ìkookò ti jẹ ojú rẹ̀. Oníṣègùn rẹ̀ ló fi àpá ara dá a mọ̀.

Ní ti ìbéèrè kejì, ìlú Trier ní Jámánì ni kí ẹ wò, lọ́dún 1473. Duke kì í ṣe ọba. Ẹ rántí Ìbàdàn ayé ogun: Baálẹ̀ tó ní ọmọ ogun ju ọba mélòó kan lọ, tí kò sì dé adé. Charles ń sin ọba Faransé fún ilẹ̀ kan, ó ń sin Kesari, olórí àwọn ilẹ̀ Jámánì, fún òmíràn. Ó lọ sí Trier kí Kesari Frederick Kẹta lè fi í jọba. Wọ́n dúnàá-dúrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àfi bí Frederick ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi lọ láàárọ̀ kùtù, láìdágbére.

Síbẹ̀, adé nìkan kò lè gbà á. Ilẹ̀ rẹ̀ pín sí méjì, ilẹ̀ Lorraine, tí Nancy jẹ́ olú ìlú rẹ̀, dábùú àárín. Ìdí tó fi ń du Nancy nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Mary, obìnrin. Bí bàbá ṣe kú, Louis Kọkànlá, ọba Faransé, gba Dijon, olú ìlú Burgundy, ó ní obìnrin kò lè jogún ilẹ̀ Burgundy fúnra rẹ̀. Àwọn ará àríwá, tí owó orí ti sú, fipá mú Mary fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ wọn kí oṣù Kejì tó parí. Ó fẹ́ Maximilian, ọmọ Frederick, lọ́dún náà. Ẹṣin gbé Mary ṣubú, ó sì kú lọ́dún 1482.

Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ ló pọ̀ jù nínú Bẹ́ljíọ̀mù, Nẹ́dálándì àti Luxembourg òní. Nítorí náà, bí Charles bá bí ọmọkùnrin, tí kò sì lọ sí Nancy, mo rò pé ìjọba náà ì bá dúró, àmọ́ àwọn oníṣòwò Bruges àti Antwerp ni ì bá máa bọ́ ọ, Brussels ni ì bá sì jẹ́ olú ìlú rẹ̀, kì í ṣe Dijon.